Ẹlẹ́sọ̀ Onísípíríìnì àti Ọkọ̀ Tíṣà

"Ìyàwó, ṣé iwájú rẹ̀ nìyí?"

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí nìyẹn láti abẹ́ ọkọ̀, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni mo ń rí, pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀ tó ti já, tó fi okùn dì. Mo wo ìrépé aṣọ pupa tí mo so mọ́ etí irin náà, mo sì dáhùn pé, "Iwájú ni. Ẹ máa tì í lọ." N kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. N kò fi ọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé èsì yẹn kiri bí ẹni gbé òkúta sínú bàtà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo jókòó láti kọ.

Bàbá Onísípíríìnì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Èmi kò lè pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórúkọ, n kò sì fẹ́ máa pè é ní ohun tí gbogbo ayé ń pè é, nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí mo wọ ilé ọkọ ni mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sọ̀. Ó bá a mu. Bí ó bá fẹ́ jókòó, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi àga wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kanlẹ̀, kó tó gbé ìdí lé e. Ìyàwó rẹ̀, kí ó tó di olóògbé, a máa sọ pé bí ilé bá ń jó, ọkọ òun yóò kọ́kọ́ wádìí kànga tí omi rẹ̀ mọ́ jù.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dénú: sípíríìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ká bí okùn, tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ìwòyí. Irin pẹlẹbẹ ni èyí tí mò ń wí, márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọ́n tò léra wọn, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀, tí gbogbo wọn tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Ewé là ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bóòtù kan gba inú gbogbo wọn kọjá. Ewé tó gùn jù ni wọ́n ká etí rẹ̀ méjèèjì róbótó, kí bóòtù mìíràn lè gbà á mọ́ ara ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ àti ẹrù tó bá wà níbẹ̀, orí irin yìí ni wọ́n gbára lé. Bí ó bá pẹ́ títí, irin náà á rẹ̀, á tẹ́, ọkọ̀ á wá jókòó lé ìdí bí ajá tó ń retí oúnjẹ.

Àwọn ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ yìí a máa ti ewé bọ iná kó lè tètè tẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀ kò jẹ́. Ó ní irin tí wọ́n bá fi iná ṣe bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé, pé yóò dìde lónìí, yóò sì padà dọ̀bálẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ní tútù ló ń lù ú. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya bí ó ṣe yẹ kí ewé náà tẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ìsọ̀. Yóò gbé ewé lé orí irin ńlá kan tí àárín rẹ̀ jin, yóò máa fi òòlù lù ú ní ìwọ̀n ìka kan sí ìka kan, láti àárín lọ sí etí. Yóò gbé e lé ìlà ṣọ́ọ̀kì, yóò wò ó, yóò tún gbé e padà. Ewé kan lè gba òwúrọ̀ odindi. Àwọn mẹkáníìkì tó wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wa a máa bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń lù ú ni àbí ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́?" Òun a ní, "Méjèèjì ni. Ẹ̀bẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀."

Nígbà tí ọkọ mi kú, gbogbo ẹbí ló bá mi sunkún. Ẹlẹ́sọ̀ nìkan ló wá lẹ́yìn oṣù kan tó ní kí n dìde. Ó ní kí n wá máa bá òun fọ irin ní ìsọ̀, pé ìbànújẹ́ kì í fẹ́ràn ọwọ́ tó dọ̀tí. Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí búrọ́ṣì onírin àti garawa kẹrosíìnì. Mo kọ́ bí a ṣe ń tú ewé, bí a ṣe ń tò ó, bí a ṣe ń kùn ún, bí a ṣe ń fi gíríìsì sáàárín rẹ̀ kó má baà máa ké. N kò lọ sí ilé-ìwé rí. Ara páálí àti agolo ọ̀dà tó wà ní ìsọ̀ náà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, lẹ́tà kan sí lẹ́tà kan. Ọdún mọ́kàndínlógún la jọ ṣiṣẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń kà á mọ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé e. Bóòtù àárín tí mo sọ yẹn, kì í sábà wà láàárín. Láti ibẹ̀ dé etí iwájú máa ń fi nǹkan bí ìka méjì kúrú ju láti ibẹ̀ dé etí ẹ̀yìn lọ. Ìka méjì péré. Bí ènìyàn bá fi iwájú ṣe ẹ̀yìn, sípíríìnì náà yóò wọlé, gbogbo bóòtù yóò wọ ihò wọn, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn yóò ti sún sẹ́yìn ju ìkejì rẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni Ẹlẹ́sọ̀ ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí etí iwájú kó tó tú u. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì ń fọ ṣọ́ọ̀kì lọ. Èmi ni mo wá dá a lábàá pé ká máa so aṣọ pupa mọ́ etí iwájú. Inú rẹ̀ dùn sí i kọjá bó ṣe yẹ. Gbogbo ọgbà ló sọ fún. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyàwó òun, ìyẹn èmi, ti dé, kò sí ìlà tó wọ́, kò sí ewé tó sọnù. Àwọn mẹkáníìkì bá sọ mí ní Màmá Géérégé. Orúkọ náà wù mí. N kò ní parọ́, ó wù mí púpọ̀.

Ojú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da Ẹlẹ́sọ̀. Ohun tó bá jìnnà, ó ń rí i. Ohun tó bá súnmọ́ ló ń di kùrukùru. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ka ohun tí ojú kò kà mọ́. Ó ń tọ́ irin wò bí ẹni ń tọ́ orí ọmọ wò. Kò sì sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀.

Àkọ́bí rẹ̀, bíríkìlà, kò fọkàn balẹ̀. Ó ti kọ́ ilé alájà kan, ó sì ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ lókè fún bàbá rẹ̀, tó ní fèrèsé méjì. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá sí ìsọ̀, àríyànjiyàn kan náà ni wọ́n máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan, níṣojú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ dá ọjọ́ fún mi. Ọjọ́ wo lẹ máa tó sinmi?"

Ẹlẹ́sọ̀ gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ mi kan bá padà wá nítorí pé mi ò ṣe é dáadáa. Ọ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ yẹn ni kí o wá gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Màá dì yín mú o."

"Dì mí mú. Ìyàwó, o gbọ́ o."

Mo ní mo gbọ́. Ọdún méjì ó lé kọjá, kò sí iṣẹ́ kan tó padà wá.

Nígbà náà ni Tíṣà gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọkùnrin gíga tó máa ń dúró bí ẹni pé ìlà àwọn ọmọ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù ni, tó rà lọ́dún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ náà dàgbà ju ìgbéyàwó òun lọ, kò sì bá òun jà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ pátápátá. Egungun ìbàdí ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò kékeré báyìí, obìnrin náà á ké. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ewé méjì kún un kó lè dìde. Ẹlẹ́sọ̀ ní rárá. Ó ní ewé tí wọ́n bá fi kún un yóò gbé ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò le bí pákó. Ó ní, "Tíṣà, ọkọ̀ yín ò gbé búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó ló ń gbé." Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò lu àwọn ewé àtijọ́ padà sí bí wọ́n ṣe wà, yóò pààrọ̀ ẹyọ kan tó ti sán, yóò sì fi rọ́bà tuntun sí gbogbo etí.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ṣe é. Èmi ni mo kùn ún. Bí mo bá fẹ́ kun sípíríìnì, mo máa ń tú aṣọ pupa náà kí ọ̀dà má baà lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, mo sì máa ń fi wáyà gbé e kọ́ pẹ̀lú etí iwájú lókè. Bí ó bá gbẹ, etí òkè ni mo ń so aṣọ padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sì tíì yẹ̀ rí.

Mo ti gbé àkọ́kọ́ nínú sípíríìnì méjèèjì, ti ọ̀tún, kọ́ nígbà tí Tíṣà wọlé wá wo iṣẹ́. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo ọ̀dà, tí ètè mi ń mì. Ó bi mí pé ilé-ìwé wo ni mo lọ. Mo ní n kò lọ. Ó ní ta ló wá kọ́ mi. Mo ní agolo ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní odindi ogójì ọdún lòun fi ń bá ọmọ ọlọ́mọ fa wàhálà ìwé kíkà, òun kò tètè mọ̀ pé agolo ló yẹ kí òun gbé síwájú wọn. Ó ní kí n kà á sókè kí òun gbọ́. Mo kà á. Ó ní kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Mo ń kà á, orí mi ń wú, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó rí i pé n kò fo lẹ́tà kankan, ọwọ́ mi sì ń gbé sípíríìnì kejì kọ́. Etí ẹ̀yìn ni mo gbé kọ́ sókè.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀dà ti gbẹ. Mo so aṣọ pupa mọ́ etí òkè ti àkọ́kọ́, mo so ó mọ́ etí òkè ti èkejì. Ẹlẹ́sọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ti apá ọ̀tún wọlé wẹ́rẹ́. Ti apá òsì kò fẹ́ wọlé. Ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ń kọ̀ ọ́. Àfi kí ó fi irin gbọọrọ tì í sẹ́yìn. Mo gbọ́ tó dúró. Mo gbọ́ tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń rìn lára irin náà. Ìgbà náà ló bi mí ní ìbéèrè yẹn, tí mo sì dá a lóhùn. Ó tì í.

Ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà rẹ̀ kó tó fún àwọn bóòtù etí le, nítorí bí a bá fún wọn nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, rọ́bà á lọ́, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n mú okùn wá. Ó máa ń fi okùn wọn táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn ní ọ̀tún àti ní òsì. Mo ní òjò ti ṣú, Tíṣà ti ń dúró láti àárọ̀, ìgbà wo ni okùn náà ti sọ ohun tí a kò mọ̀ fún wa rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, Géérégé. O ti wí tìrẹ." Àṣìṣe kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ṣe nínú iṣẹ́ yẹn nìyẹn: ó gbà mí gbọ́.

Ní Sátidé, bí aago mẹ́wàá, a gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná kó tó di pé a rí ọkọ̀. Tíṣà ń wa ọkọ̀ náà bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orí rẹ̀ kọjú sí ibì kan, ìdí rẹ̀ ń lọ síbòmíràn. Àwọn mẹkáníìkì dìde láti wò ó. Ọ̀kan ní, "Tíṣà, ẹ̀kọ́ wo lẹ fi kọ́ ọ, tó fi ń rìn bí alákàn?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé ìyàwó rẹ̀ jáde lánàá. Táyà ẹ̀yìn òsì ń ha ara ọkọ̀ títí ó fi jó, obìnrin náà sì jókòó sí ẹ̀bá títì fún wákàtí méjì nínú oòrùn, pẹ̀lú ìbàdí yẹn. Ohùn kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìbá sàn kó jágbe.

Àkọ́bí wà níbẹ̀. Ọjọ́ tirẹ̀ ni. Mẹkáníìkì kan wọ abẹ́ ọkọ̀, kò pẹ́ tó fi pariwo pé wọ́n ti fi iwájú sípíríìnì òsì ṣe ẹ̀yìn.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo tún ń wo ọwọ́ ara mi bí ó ti ń gbé irin náà kọ́. Búrọ́ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀dà ń kán lára rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn ń wo Ẹlẹ́sọ̀. Ẹlẹ́sọ̀ sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹ̀yìn wọn.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyàwó yín. Ojú mi ni." Lẹ́yìn náà ló ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí àkọ́bí rẹ̀.

Ọmọ náà kò fẹ́ gbà á. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Gbà á. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ìyàwó mi sì gbọ́ ọ."

Ó yí ojú sí mi kí n lè jẹ́rìí. Mo mi orí pé mo gbọ́.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí, nítorí kò sí ẹni tí yóò lé mi. Ohun tó di ahọ́n mi ni orúkọ yẹn, Géérégé, àti ẹ̀rín tí Tíṣà rín pẹ̀lú mi lọ́jọ́ agolo. Mo ní màá sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá ku èmi àti òun. Nírọ̀lẹ́, ó ti bá ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ní ó di ọ̀la.

Èmi ni mo tú sípíríìnì náà lọ́jọ́ yẹn gan-an tí mo yí i padà. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó pé. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà, ọwọ́ mi ló fi sípánà tú u. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àkọ́bí mú kọ́kọ́rọ́ wá fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin ló kù tó mọ iṣẹ́ náà. Bàbá ló ní kí n fún yín." Mo gbà á.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ kí i ní yàrá òkè náà. Bí wọ́n bá ní ọdún méjì ni ọkùnrin yẹn fi di arúgbó, irọ́ ni. Láàárín oṣù méjì ni. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló burú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà gbọ́ mọ́. Ẹni tó lè fi àtàǹpàkò mọ ibi tí irin ti fẹ́ sán kò bu omi mu fúnra rẹ̀ mọ́. Yóò pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kó wá bá òun bù ú kí òun má baà dà á sílẹ̀. Ó ń bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, bóyá òun de bọ́tìnnì òun dáadáa. Ọmọ náà á ní, "Ó dáa, Bàbá àgbà," síbẹ̀ á tú u, á tún un dè, kì í ṣe pé kò dáa tẹ́lẹ̀, ó kàn wù ú láti dè é ni. Ó ní àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ni wọ́n ń gbà gòkè. Ó mọ iye rẹ̀, síbẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó dì í mú.

Lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ìyàwó, ohun tí mi ò lè lóye ni pé wọn ò sọ fún mi. Ọwọ́ yìí máa ń sọ fún mi." Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun mi. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ó tó ogún oṣù kí n tó sọ ọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, òun nìkan ló jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹlẹ́sọ̀ mi, ẹ gbọ́ mi dé òpin. Kì í ṣe yín. Èmi ni mo so aṣọ pupa mọ́ etí tí kò yẹ. Irin ń kọ̀ yín lábẹ́ ọkọ̀, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ bi mí bóyá iwájú nìyẹn. Èmi ni mo ní iwájú ni. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́."

Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Àkọ́bí ni. Ó ti rí i pé mi ò jẹun."

Mo búra fún un. Mo ṣàlàyé agolo, mo ṣàlàyé wáyà, mo ní kó rántí okùn tó ní kí n mú wá. Ó ní òun kò rántí okùn kankan. Ó ní òun kò rántí pé òun bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó fọwọ́ wá orí mi, ó rí i, ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó ní, "Ṣé ìwọ là ń pè ní Géérégé, àbí ẹlòmíràn ni?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ tù mí nínú, kó wá irọ́ tó bá a mu. Ọdún mọ́kàndínlógún, o ò ṣi ìlà kan ya rí. Dìde, orúnkún rẹ kò tọ́mọdé mọ́."

Mo lọ bá àkọ́bí níbi tó ti ń kọ́lé. Ó fi ṣíbí sìmẹ́ńtì rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó ní bàbá òun ti sọ fún òun, pé òun kò mọ ohun tí òun ìbá ṣe láìsí irú mi nínú ẹbí. Mo ní òótọ́ ni mò ń sọ. Ó ní òun mọ̀, òun mọ̀, bí a ti ń dá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lóhùn. Mo pe àwọn mẹkáníìkì jọ, mo sọ ọ́ ní ojúkojú ní ibi tí mo ti dákẹ́ sí. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé Bàbá ò ríran mọ́ nígbà yẹn." Òmíràn ní bí òun bá di arúgbó, kí Ọlọ́run fún òun ní ìyàwó àbúrò tí yóò lè gba ẹ̀bi òun rù báyìí. Mo kọ lẹ́tà sí Tíṣà, tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó fèsì ní ojú ìwé kan. Ó yin ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ó ní ìyàwó òun ti dárí ji Bàbá tipẹ́, pé inú rere bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi sí i. Àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ mí rí ń wá, wọ́n ní wọ́n gbọ́ nípa mi.

Ẹlẹ́sọ̀ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó tẹ̀lé e, nínú oorun ọ̀sán. Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní bàbá òun fi iṣẹ́ kan rán òun sí mi ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ó ní kó bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní obìnrin tó lè ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ kí arúgbó lè rí oorun sùn, oore rẹ̀ kò ṣeé san, pé gbèsè rẹ̀ ló bá òun lọ sí sàréè.

Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè òtítọ́. Ó kú, ó gbà pé òun ló jẹ mí.